Ọwọ́ Bàbá Aláago Nínú Fọ́tò Mẹ́rin

Òjò ló lé ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù aláago. Ó ti ki kámẹ́rà rẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀wù, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun, omi sì ń kán láti ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí Ọmọ Aláago ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Kì í ṣe torí tèmi, torí ẹ̀rọ yìí ni."

"Ṣé ẹ̀rọ náà ló ń da omi sílẹ̀ fún mi báyìí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀ tó bà jẹ́, kò sì gbójú sókè mọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbé àkísà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ dá a dúró. "Ẹ má tíì nù ún. Ẹ wá wo nǹkan."

Omi tó kán sílẹ̀ ti para pọ̀ di adágún kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà. Nínú rẹ̀ ni gbogbo aago ara ògiri wà, wọ́n dorí kodò, irin tó ń fì nínú wọn sì ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹja. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ọmọ Aláago ti ń nu ilẹ̀ yìí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n báyìí, kò sì rí i rí.

Kámẹ́rà dún kẹ́rẹ́.

"Ta nìyẹn?" Ohùn bàbá rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn tábìlì iṣẹ́. "Ṣé aago ló fẹ́ tún ṣe, àbí omi ló wá tà fún wa?"

Bàbá náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Aláago, ti lo ogójì ọdún lẹ́yìn tábìlì yẹn, awò dúdú tó ń mú nǹkan tóbi kan lójú ọ̀tún, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé aago tí bàbá yìí bá kọ̀, kí ẹni tó ni ín lọ sin ín. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n bí ewé tí atẹ́gùn kékeré fẹ́. Bàbá ní oorun ni kò tó. Oorun tó, ọwọ́ kò gbọ́.

Láti ìgbà náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ti dá ọgbọ́n kan. Bàbá á gba aago lọ́wọ́ oníbàárà, á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á wò ó, á mi orí, á ní kí wọ́n padà wá. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ọmọ á jókòó sórí àga bàbá, bàbá á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á máa sọ ọ́ sí i létí: "Ìdè kékeré yẹn, tú u. Rọra. Má mí sí i." Bó bá di ọ̀sán, bàbá á padà sórí àga rẹ̀, á mú ẹ̀mú dání lójú gbogbo ayé, á máa ṣe bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀. Wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn sọ ọ́ rí, nítorí ohun tí èèyàn bá ti fẹnu kàn ti di òótọ́ nìyẹn.

Onífọ́tò padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó mú fọ́tò adágún náà wá. Lẹ́yìn náà ó tún wá, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ìgbà kẹta, ó gbé aago ọwọ́ kan wá tí nǹkan kan kò ṣe. Bàbá Aláago gbé e sétí, ó gbọ́ bó ṣe ń lù.

"Ara aago yìí le ju tìẹ lọ. Kí ló ń ṣe ìwọ gan-an?"

Ọmọ Aláago yára wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi gé ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì, kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ilé fọ́tò ọkùnrin náà wà lójú títì ńlá, ní òdìkejì ìlú. Ibẹ̀ ló ti ń ya àwọn tó bá wọṣọ iyì, ohun tó sì ń jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí kò bá sí oníbàárà, á máa rìn káàkiri, á máa ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó yà: bàtà méjì tí wọ́n gbàgbé síta kí òjò tó dé, ipa kẹ̀kẹ́ lórí ẹrẹ̀, arúgbó tó ń fẹ́ iná tí èéfín sì ń ta á lójú. Ìyá Alágbàfọ̀, tó ń fọ aṣọ tó sì ń lọ̀ ọ́ fún gbogbo àdúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aláago, ló sọ ọ́ ní Wolẹ̀wòkè.

"Bó bá ń bọ̀," ni Ìyá Alágbàfọ̀ máa ń wí, "á wolẹ̀, á wòkè, á tún wolẹ̀. Iwájú tí gbogbo èèyàn ń wò nìkan ni kì í wò. Ọjọ́ kan ni màlúù máa kàn án."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti máa ń rí ara wọn, láàárín àwọn ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn. Ibẹ̀ ni Onífọ́tò ti kọ́ Ọmọ Aláago bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Ó ní lákòókò òjò, tí wọn kò lè sá aṣọ síta, ẹ̀wù tó rọ̀ nínú ilé máa ń dà bí àwọn tó tò dúró de dókítà. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀wù kan náà á gan síta gbagidi, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọlé laago mẹ́wàá àárọ̀, ẹsẹ̀ àga ló máa ń mọ nígbà òjò, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ á gùn wọlé títí á fi kan ògiri.

"Ẹ ní aago kan nínú ilé yín tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe rí," ló wí. "Kò sì bà jẹ́ rí."

"Àwọn ọjọ́ lásán yìí lo ń fi fíìmù ṣòfò lé lórí?"

"Kò sí ọjọ́ lásán. Ojú lásán ló wà."

Ọmọ Aláago lọ sílé, kò sì lè se oúnjẹ bó ṣe máa ń sè é mọ́. Ooru tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò dá a dúró. Ó ń ronú pé: ta ni mo máa fi èyí hàn? Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń wá sí i lọ́kàn. Báyìí ni ìfẹ́ ṣe bá a, láìlu ìlẹ̀kùn.

Ìyá Alágbàfọ̀ náà ló ṣe alárinà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fi àga lọ̀ ọ́.

"Bàbá, mo wá tọrọ nǹkan."

"Bó bá jẹ́ èédú ìlọṣọ ni, mi ò ní."

"Ọmọ yín ni."

Bàbá yọ awò lójú. "Ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wolẹ̀wòkè ló rán mi."

"Onífọ́tò? Ẹni tó ń jẹun lára ẹ̀rín ẹlẹ́rìn-ín?"

"Èmi náà ń jẹun lára ìdọ̀tí onídọ̀tí, ẹ sì ń kí mi láàárọ̀."

"Ìwọ ń fọ nǹkan. Kí ni òun ń ṣe? Ó ń wo nǹkan. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi wíwò bọ́ ìyàwó."

"Ọmọ yín ti lé lọ́gbọ̀n, bàbá. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá, ẹ ní ó ń yára jù. Ẹnì kejì, ẹ ní ó ń falẹ̀. Èèyàn kì í ṣe aago o."

Lẹ́yìn aṣọ, Ọmọ Aláago di irin tó ń fì nínú aago kan mú kó má baà dún. Ó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Bí òun bá lọ sílé ọkọ, ta ni yóò jókòó sórí àga láàárọ̀ kùtù? Ó ti rò ó títí. Á máa dé láràárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á sì padà sílé rẹ̀ kí ọkọ tó mu omi gbígbóná. Ọkọ náà yóò mọ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tó bá di ọkọ. Àṣírí bàbá ẹni kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé fún ẹni tí kò tíì di ará ilé.

Bàbá nu awò rẹ̀, ó fi í padà sójú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí mo bá tún aago ṣe tán, mo máa ń gbé e kọ́ sára ògiri kí n tó dá a padà, kí n lè mọ bó ṣe ń rìn. Kí òun náà máa bọ̀ fún ọdún kan. Màá máa gbọ́ bó ṣe ń lù."

Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ náà fún Onífọ́tò, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n ti fún níyàwó. Ó ní òun yóò sọ ọdún náà di ẹ̀bùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, bí ojú ọjọ́ bá ti yí padà, òun yóò wá ya Bàbá Aláago lẹ́nu iṣẹ́, láti ibì kan náà, laago mẹ́wàá gééré. Òun ti ya fíìmù kan sọ́tọ̀ fún un, òun kò sì ní fọ̀ ọ́ títí ọdún yóò fi pé.

Bàbá ní ìranù ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Onífọ́tò máa kọ́kọ́ yà á, ó ti wọ ẹ̀wù funfun, ó sì ti tún àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ tò lẹ́ẹ̀mejì.

Onífọ́tò gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó fi ẹfun sàmì sílẹ̀ kó lè mọ ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. "Inú ibí ṣókùnkùn, bàbá. Mi ò sì fẹ́ tan iná sí yín lójú. Ojú ẹ̀rọ á là fún ìwọ̀n ìgbà tí mo bá ka ení dé àrún. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Ẹ má wò mí."

Ọmọ Aláago dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i pé bàbá rẹ̀ mú ẹ̀mú. Ṣé kó sọ pé kí bàbá fi ọwọ́ lélẹ̀? Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, Onífọ́tò á bèèrè ìdí. Ó sì rò ó pé fọ́tò kì í gbọ̀n. Gbogbo fọ́tò tó ti rí láyé, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ ni. Ẹṣin tó ń sáré pàápàá dúró jẹ́ẹ́ nínú fọ́tò. Òun mọ gbogbo ìdè inú aago, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí kíkà dé àrún lè ṣe sí ọwọ́ tí kò lè dúró.

"Ení," ni Onífọ́tò ń kà, "èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ó tán, bàbá."

Bẹ́ẹ̀ ló yà á nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ ló yà á nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo èèyàn là, tí eruku sì bo dígí aago. Ó yà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òógùn ń kán sórí tábìlì. Ó yà á nígbà àkọ́rọ̀ òjò, nígbà tí ọdún pé. Láàárín ìyẹn, ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń pẹ́, bàbá ń bú u. Ó ń ṣàlàyé pé alángbá kan ló dá òun dúró lójú ọ̀nà, bàbá ń bú u sí i. Nígbà tó yá, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, "Ǹjẹ́ oníyẹ̀yẹ́ yẹn kò ní wá lónìí?" Ní ọjọ́ kan ó tilẹ̀ fún un ní iṣu sísun láti inú àwo tirẹ̀. Ọmọ Aláago rí i, ó sì sá jáde lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ lọ sunkún ayọ̀ sára aṣọ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí Onífọ́tò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wá sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ gba aago òun.

"Kò tíì yá," ni Bàbá Aláago wí.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, bàbá. Màá mú u báyìí náà."

Òmíràn wá, ó sọ bákan náà, kò wo bàbá lójú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan wọlé, obìnrin jẹ́jẹ́ tí bàbá ti ń tún aago rẹ̀ ṣe láti ìgbà tó wà nílé ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí bàbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi àánú sọ kì í ṣeé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká rí yín nílé ìwòsàn. Mo rí ọwọ́ yín nínú fọ́tò lójú títì. Irú ìgbọ̀nrìrì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àárẹ̀ lásán."

"Fọ́tò wo?" ni bàbá bi í.

Nọ́ọ̀sì wo Ọmọ Aláago, Ọmọ Aláago wo ilẹ̀. Òun náà kò mọ fọ́tò wo.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò dé. Onífọ́tò wọ ẹ̀wù tí Ìyá Alágbàfọ̀ lọ̀ títí ó fi ń dán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin tó ń kọ́ ilé, dọ̀bálẹ̀, ó sọ̀rọ̀ tó dùn. Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó láàárín bí ẹni tó ni gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni Onífọ́tò gbé ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tú bébà ara rẹ̀: fọ́tò mẹ́rin tó tóbi, tí wọ́n fi dígí bò.

"Mo kọ́kọ́ gbé wọn sójú dígí ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ méje," ló wí, "kí gbogbo ìlú lè rí bàbá ìyàwó mi."

Wọ́n tò wọ́n sára ògiri. Ọmọ Aláago kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, ohun tó sì dùn ún jù ní gbogbo ayé rẹ̀ nìyẹn. Nínú ti àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àga, bàbá tẹ orí ba, àwọn aago yí i ká, ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọwọ́, àfi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà tó ṣe bàìbàì díẹ̀. Nínú ti ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ ti kan ògiri, ọwọ́ sì ní ìka méjìlá. Nínú ti ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín ló jáde lẹ́nu apá ẹ̀wù, níbi tó yẹ kí ọwọ́ wà. Nínú ti àkọ́rọ̀, kò sí ọwọ́. Ẹ̀wù funfun náà gùn dé ọrùn ọwọ́, ó sì parí síbẹ̀. Yàtọ̀ sí irin tó ń fì nínú àwọn aago, gbogbo nǹkan yòókù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló hàn ketekete, títí kan ìṣẹ́jú tó wà lójú aago.

Bàbá dìde, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún sápò.

"Àwòrán yìí dára," ló wí. "Kò parọ́."

"Bàbá," ni Onífọ́tò wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, "mo fẹ́ràn ọwọ́ yẹn jù. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tí mo rí i pé ó ń yára sí i láti ìgbà dé ìgbà, mo ní inú bàbá ń dùn sí wa ni, ara ń yá wọn sí iṣẹ́."

Àwọn aago ń lù. Ẹ̀rín náà kúrò lójú Onífọ́tò díẹ̀díẹ̀, ó wo fọ́tò, ó wo àpò bàbá, ó sì mọ̀.

"Ó wo ọwọ́ mi fún ọdún kan gbáko, kò rí i," ni bàbá sọ fún ẹ̀gbọ́n Onífọ́tò, bí ẹni pé Onífọ́tò fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. "Ṣé ojú ọmọ mi ni kí n wá gbé fún un kó máa wò? Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ mu omi kí ẹ tó máa lọ."

Ìyá Alágbàfọ̀ lọ, ó bọ̀. Ó bẹ bàbá títí orúnkún fi ń dùn ún. Bàbá kò bínú, kò pariwo, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà. Onífọ́tò ti gbé fọ́tò kúrò lójú títì láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ti rí, ojú ti gbé e lọ sílé.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, òun àti Ọmọ Aláago rí ara wọn láàárín àwọn ẹ̀wù tó gan lórí okùn. Onífọ́tò ti rù.

"Màá dáná sun fíìmù náà," ló wí.

"Iná kò lè sọ fún ọwọ́ pé kó dúró."

"Nígbà náà, bá mi lọ. Wọ́n fún mi níṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Bàbá á bínú, á sì tún rọ̀."

Ọmọ Aláago ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà á. "Bí mo bá lọ, ta ni yóò jókòó sórí àga?"

"Àga wo?"

Nígbà yẹn ló sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀: àárọ̀ kùtù, ẹ̀mú, ohùn bàbá lẹ́yìn etí. Ó rò pé bí ó bá gbọ́, yóò káàánú òun. Onífọ́tò gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"O mọ̀," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀."

"Mo rò pé fọ́tò kò lè mú un."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo dúró sẹ́yìn mi."

"Àṣírí bàbá mi ni. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?"

"Mo mọ̀. Èmi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ náà." Ó mú ẹ̀wù kan tó gan lórí okùn, ó tẹ apá rẹ̀, apá náà kò tẹ̀. "Síbẹ̀, o dúró sẹ́yìn mi, o sì jẹ́ kí n máa kà á."

Kò bá a jà. Kò sì lọ síbi iṣẹ́ ìlú kejì náà. Ó kàn dẹ́kun wíwá ni.

Ọmọ Aláago dúró ti àga. Ó dúró tì í ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó dúró tì í ní àkọ́rọ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà dé ibi tó jẹ́ pé bàbá kò ní ohun tí yóò sọ sí i létí mọ́. Ṣùgbọ́n aago kò wá. Wọ́n ti sọ pé ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù náà ń gbọ̀n, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ mìíràn wà níbẹ̀. "Obìnrin kẹ̀?" ni ọkùnrin kan wí, tó sì kó aago rẹ̀ padà sápò. Ní òjò ọdún kejì, ẹni tó ni ilé gba ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kó àwọn aago wálé, wọ́n tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Bàbá kò lè gbé ife omi dé ẹnu mọ́ láìdà á sílẹ̀.

Ó ń mu omi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ní, "Lọ pe oníyẹ̀yẹ́ yẹn wá."

Ọmọ Aláago gbé ife sílẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló jẹ̀bi," ni bàbá wí. "Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bi ẹlòmíràn ni. Lọ sọ fún un pé kó wá lónìí. Màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ ní ẹsẹ̀ òun kò gba òun mọ́, àti pé iṣẹ́ yìí kọjá ti alárinà. Ọmọ Aláago lọ fúnra rẹ̀. Ó rìn la ìlú já. Òjò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbogbo nǹkan ń dán, ó sì ń rí wọn gbogbo: omi lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, ewé tó lẹ̀ mọ́ ojú dígí mọ́tò. Ó ń kó wọn jọ, ohun tó máa sọ fún un ni. Àyà rẹ̀ ń lù bíi ti ọmọ ogún ọdún.

Ilé fọ́tò náà ti yí padà. Aṣọ funfun kan ló wà lára ògiri, àpótí ìjókòó kan níwájú rẹ̀, iná kan lókè. Kò sí fọ́tò kankan lójú dígí. Onífọ́tò ń ya ọkùnrin kan fún káàdì ibi iṣẹ́. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti tán." Ọmọ Aláago dúró títí ọkùnrin náà fi lọ.

"Bàbá mi ní kí o wá," ló wí. "Lónìí. Ó ti gbà."

Onífọ́tò jókòó sórí àpótí náà.

"Ṣé ó le púpọ̀? Ọwọ́ wọn?"

"Ó le."

"Mi ò ya ìta mọ́," ló wí. "Ṣé o mọ̀? Bí mo bá gbé kámẹ́rà sójú, kí n tó tẹ̀ ẹ́, màá bi ara mi pé kí ló wà níbẹ̀ tí mi ò rí. Títí màá fi rò ó tán, ìmọ́lẹ̀ á ti lọ. Ti aṣọ funfun yìí rọrùn. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn àwọn tí mò ń yà."

"Èmi kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o ti ní ẹlòmíràn ni?"

"Kò sí ẹnì kankan." Ó wò ó nígbà yẹn, ó wò ó dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò. "Bí a bá wà nínú ilé tí o bá dákẹ́, màá máa wá ohun tí o dúró tì lẹ́yìn mi. Ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn kì í ṣe ọkọ, ọlọ́pàá nìyẹn. Mo dúró de ọ̀rọ̀ bàbá yín títí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró dè é ti kúrò níbẹ̀. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Oníbàárà mìíràn wọlé, obìnrin kan tó gbé ọmọ. Ọmọ Aláago yà fún wọn, ó sì jáde. Nígbà tó ń padà bọ̀, kò rí nǹkan kan lójú ọ̀nà.

Bàbá rẹ̀ ti jókòó síwájú ilé. Ó ti gbìyànjú láti wọ ẹ̀wù iyì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì òkè wà nínú ihò ìsàlẹ̀, ẹ̀wù náà sì wọ́ sápá kan. Ó na ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń tẹ̀lé e bọ̀.

"Òun dà?"

"Kò wá, bàbá."

Ojú bàbá fà ro. "Nítorí mi ni?"

"Rárá o." Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì náà láti òkè. "Kò ní láárí ni. Ó ti ní ìyàwó. Ó ti gbàgbé wa tipẹ́. Ó ní kí lorúkọ mi ná."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Àwọ̀ padà sí i lójú, ó sì tẹ̀yìn sí àga.

"Mo ti wí i," ló wí. "Ṣé mi ò wí i? Ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ kì í dúró lójú kan."

"Ẹ wí i, bàbá."

"Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ìgbálẹ̀."

"Etí rẹ̀ tún tóbi," ni Ọmọ Aláago wí.

"Etí ńkọ́. Èmi ni mi ò fẹ́ sọ ọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lu apá àga bí ẹni ń kan ìṣó, kò tilẹ̀ ráyè fi í pamọ́. "Tún sọ òmíràn."

Ọmọ Aláago di bọ́tìnnì tó kẹ́yìn mú, ó ronú. Ó wá a títí, kò rí òmíràn.